Dókítà wà nílùú ńlá, aláìsàn wà lábúlé: ta ni yóò jókòó sáàárín wọn?

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn dókítà lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ránṣọ ní ìlú kékeré kan. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, kò rí okùn fi sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Tó bá fẹ́ kí dókítà wo òun, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá, yóò gba káàdì, yóò tò sórí ìlà láti àárọ̀. Dókítà yóò wò ó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, yóò sì di ìrọ̀lẹ́ kó tó délé. Owó tó san fún dókítà kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ná lọ́jọ́ náà. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, ọmọ tó sìn ín lọ tí kò dé ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, aṣọ oníbàárà tí kò rán sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀, títí tí ohun tí kò tó nǹkan yóò fi di ńlá.

Ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn kò ju pé kí dókítà wà níbì kan, kí aláìsàn wà níbòmíràn, kí fóònù, rédíò, kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì sì so wọ́n pọ̀. Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ti ń lọ bá àwọn tó ní kẹ́míìsì àti ilé àyẹ̀wò pé kí wọ́n wá ra ètò tí wọn yóò fi máa ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ lé e, ó yẹ kó mọ ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an. Ní tiwa, kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ẹni tó jókòó ti aláìsàn ló wà, ibẹ̀ náà sì ni oníṣòwò kékeré ti lè rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1905, ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Willem Einthoven ti ṣe ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Ẹ̀rọ náà tóbi débi pé kò ṣeé gbé kúrò nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ọsibítù sì jìnnà sí i tó nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀. Aláìsàn kò lè wá, ẹ̀rọ kò lè lọ. Ló bá fi okùn tẹlifóònù so ọsibítù mọ́ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn aláìsàn ń lù níbí, ẹ̀rọ ń yà á lọ́hùn-ún.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni ti ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí oko ẹran ọ̀sìn kan ti jìnnà sí èkejì gan-an. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, John Flynn, ló dá ètò dókítà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú bẹ àwọn ará oko wò sílẹ̀ ní ìlú Cloncurry lọ́dún 1928. Ṣùgbọ́n báwo ni ará oko yóò ṣe ránṣẹ́ pe dókítà níbi tí kò sí iná, tí kò sì sí tẹlifóònù? Alfred Traeger yanjú ìyẹn lọ́dún 1929 pẹ̀lú rédíò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á ló ń ṣe iná tí rédíò ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àpótí oògùn sí àwọn oko náà, àti láti ọdún 1942, wọ́n fi nọ́ńbà sára oògùn kọ̀ọ̀kan. Dókítà kò tún ní máa pe orúkọ gígùn tí ìyàwó olóko kò ní gbọ́ dáadáa nínú ariwo rédíò. Nọ́ńbà ni yóò pè, pé ẹ ṣí àpótí, ẹ mú nọ́ńbà báyìí, iye báyìí ni kí ẹ lò. Kíkọ nọ́ńbà sára ìgò kò gba ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan, owó tó ń ná èèyàn kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ló sọ rédíò di ọsibítù. Ẹnì kan ló jókòó, tó ronú nípa obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Íńdíà

Ètò Ọsirélíà, owó ìjọba àti ọrẹ àánú ló ń gbé e ró. Àwa ń wá èyí tó lè bọ́ ara rẹ̀, a sì rí ọ̀kan ní gúúsù Íńdíà.

Ní ìlú Madurai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, dókítà ojú kan wà tó ń jẹ́ Govindappa Venkataswamy. Àrùn oríkèé ti ká a ní ìka kò láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú, ó sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1976 tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lẹ́ni ọdún 58, ó ṣí ọsibítù ojú kan tí kò ní ju ibùsùn 11 lọ, ó pè é ní Aravind. Ó kú lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n ètò tó fi lélẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó bá lówó yóò san, ẹni tí kò bá ní yóò san díẹ̀ tàbí kó má san rárá, èrè tó bá ti ara olówó wá ni wọn yóò fi tọ́jú tálákà. Àwọn àgbàlagbà tí ohun funfun ti bo ẹyinjú wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nítorí pé lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú irú àwọn bẹ́ẹ̀ wọ́n gógó nígbà náà, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1992, Aurolab, láti máa ṣe é fúnra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń wá aláìsàn kiri ni pé wọ́n ń kó dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí abúlé fún ọjọ́ kan, wọn yóò wo ojú gbogbo ẹni tó bá wá, wọn yóò sì fi bọ́ọ̀sì kó àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ lọ sí ọsibítù. Ó dára, èrò sì ń pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé, wọ́n rí i pé nínú èèyàn mẹ́wàá tí ojú ń dùn lábúlé, kò tó ẹnì kan tó ń wá. Ẹni tó bá mọ abúlé kò ní yà á lẹ́nu. Ọjọ́ tí dókítà wá lè jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń kórè. Ìyá àgbà lè má rí ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó di ìgbà mìíràn.

Lọ́dún 2004 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ilé ìwojú kéékèèké tí wọ́n pè ní Vision Centre. Kì í ṣe ọsibítù o, kò sì sí dókítà nínú rẹ̀. Ibi tí nǹkan bíi 50,000 èèyàn ń gbé ní ìtòsí ni wọ́n ń wá láti ṣí ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í ju bíi méjì lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n mú láti abúlé agbègbè náà, tí Aravind fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ fún ọdún méjì. Ohun èlò ibẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, pátákó lẹ́tà tí aláìsàn ń kà láti òkèèrè, kọ̀ǹpútà kan tó ní kámẹ́rà.

Aláìsàn wọlé, ó san rúpìì 20. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, iye yẹn kájú ìgbà mẹ́ta tó bá wá. Ọmọbìnrin náà yóò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, yóò wọn bó ṣe ríran tó, yóò yẹ ojú rẹ̀ wò, yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò ya àwòrán ojú náà bó bá yẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò pe dókítà tó wà ní ọsibítù ńlá. Dókítà yóò ka ohun tó kọ, yóò wo àwòrán, yóò sì bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà, wọn yóò rí ara wọn. Bó bá jẹ́ pé jígí ojú ló nílò, yóò yan férémù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn, ó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, wọn yóò fún un ní ìwé àti ọjọ́ tí yóò lọ sí ọsibítù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ni ọ̀rọ̀ wọn ń parí síbẹ̀ láìwọ ọkọ̀. Irú ilé ìwojú bẹ́ẹ̀ tí Aravind ní lónìí ti lé ní 100.

Wàhálà íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí tiwa. Ní agbègbè Theni, okùn tẹlifóònù tó wà nígbà náà kò lágbára tó láti gbé àwòrán dókítà àti aláìsàn. Àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà bá wọn ṣe é. Wọ́n mú irú Wi-Fi tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí kì í ju inú ilé kan lọ, wọ́n tún ètò inú rẹ̀ tò, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn rẹ̀ sórí òpó gíga, wọ́n kọjú ọ̀kan sí èkejì láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó fi di ọdún 2006, dókítà ní Theni ti ń fi í rí aláìsàn ní àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní kìlómítà mélòó kan sí i. Wọn kò dúró de ilé iṣẹ́ tẹlifóònù.

Níbo ni owó ti ń wọlé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ká ní èèyàn 20 wá lójúmọ́, tí gbogbo wọn san rúpìì 20, rúpìì 400 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn wá fún ìgbà kejì tàbí ìkẹta, wọn kò ní san nǹkan kan. Nínú ìyókù ni ẹ ó ti san owó òṣìṣẹ́ méjì, owó ilé, owó iná, owó íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lè tó. Ẹni tó bá gbójú lé owó ìwò nìkan yóò kógbá sílé kí ọdún tó yí po.

Jígí ojú ló ń gbé e dúró. Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún pọ̀ nínú àwọn tó ń wá, tí wọn kò rí nǹkan tó súnmọ́ wọn mọ́. Kò sí oògùn tó wo ìyẹn, jígí ni. Wọn yóò yàn án níbẹ̀, wọn yóò san owó rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì padà wá gbà á ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Owó tó wà lórí jígí àti oògùn ni a fi kún owó ìwò tó fi di owó gidi. Ẹ sì má rò pé wọ́n ń rẹ́ aláìsàn jẹ. Lọ́dún 2018, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń já ewé tíì ní Assam, ní Íńdíà kan náà, àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè. Àwọn tí wọ́n fún ní jígí já ewé tó fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tí wọn kò tíì fún. Ìyá wa tó ń ránṣọ lókè yẹn, ẹ ronú sí ohun tí ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ nínú iye aṣọ tó ń rán lọ́sẹ̀.

Ohun kejì ni pé owó oṣù dókítà kò sí lórí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Dókítà tó jókòó ní Theni ń dá ọ̀pọ̀ ilé ìwojú lóhùn lọ́jọ́ kan, bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni èkejì ń pè.

Ohun kẹta ni àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà kì í sọ fún yín. Lẹ́yìn ilé ìwojú kọ̀ọ̀kan, ọsibítù ńlá kan wà tó ń dúró de àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ. Bí ilé ìwojú kan bá jẹ gbèsè díẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, ọsibítù mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn òun ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ láìní ọsibítù kankan lẹ́yìn ń gbé ẹrù tí Aravind kò gbé rí.

Èyí tó dá wọlé ní Rwanda

Àpẹẹrẹ kejì yìí dùn mí díẹ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ Babylon dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní Rwanda, wọ́n pè é ní Babyl. Wọ́n lo orí. Wọn kò sọ pé àfi ẹni tó ní fóònù olówó ńlá. Fóònù kékeré tí gbogbo èèyàn ní tó. Èèyàn yóò tẹ nọ́ńbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò pè é, dókítà yóò tẹ̀ lé e bó bá yẹ, wọn yóò fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, òun ni yóò mú lọ sí kẹ́míìsì tàbí ilé àyẹ̀wò. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n bá ìjọba Rwanda tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá, kí ètò ìlera ìjọba lè máa san owó náà. Lọ́dún 2021 ilé iṣẹ́ òbí rẹ̀ wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní New York, wọ́n dá iye lé e tó ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ.

Kò pé ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ fi wó. Babylon ń pàdánù owó ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí ẹni tí yóò tún fi owó sí i, nígbà tó sì ṣubú lọ́dún 2023, ti Rwanda bá a lọ. Àdéhùn ọdún mẹ́wàá kò lò ju ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Aláìsàn kò kọ̀ ọ́ ní Rwanda, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì ṣàìmọ iṣẹ́. Àpò tó ń bọ́ ọ wà ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tó di àpò náà mú kò sì lówó mọ́.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá wá bá yín pé kí ẹ jẹ́ aṣojú àwọn ní àdúgbò yín, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹ máa ń bi ẹni tó fẹ́ gba ọjà àwìn. Ta ló ń san owó dókítà yín? Bí ẹ bá kógbá sílé, ta ni ìwé àwọn aláìsàn mi yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ má san owó ọdún kan sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ ní káàdì tiyín lọ́tọ̀ fún oníbàárà yín kọ̀ọ̀kan, kí ó má jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn

Arthur Zang, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Kamẹrúùnù, ṣe ẹ̀rọ kan tó pè ní CardioPad, tó fi gba ẹ̀bùn Africa Prize ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2016. Ohun tí Einthoven fi okùn ṣe ni òun fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ṣe. Àwọn dókítà ọkàn ní Kamẹrúùnù kò pọ̀, Yaoundé àti Douala ni wọ́n sì kó jọ sí. Nọ́ọ̀sì abúlé yóò lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ àyà aláìsàn, ẹ̀rọ yóò fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá lẹ okùn sí ibi tí kò yẹ, dókítà yóò ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Google náà rí irú rẹ̀ ní Thailand. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tó lè wo àwòrán inú ojú kó sì sọ bóyá àtọ̀gbẹ ti ń ba ojú náà jẹ́. Níbi tí wọ́n ti dán an wò tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Nígbà tí wọ́n gbé e dé àwọn ilé ìtọ́jú 11 ní Thailand, nínú àwòrán 1,838 tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i láàárín oṣù mẹ́fà, ó kọ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ pé kò mọ́lẹ̀ tó láti kà. Ohun tó fà á kò díjú: ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kò ní yàrá tó ṣókùnkùn tó láti ya àwòrán. Kọ́tìnì dúdú ni wọ́n nílò. Bẹ́ẹ̀ owó kọ́tìnì kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí Google ná.

Èyí tó kàn yín jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí òun ni kẹ́míìsì tàbí ilé àyẹ̀wò kékeré lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n wà lọ́jà. Dókítà tó wà ní Ìbàdàn lè fi nọ́ńbà tí ẹ bá kà fún un yí oògùn aláìsàn padà, nítorí náà nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà wá, tó ń mí hẹlẹ, ẹ kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó má fi ọ̀kan lé èkejì. Kó ti tọ̀ kó tó jókòó. Kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú àyà. Aṣọ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lára awọ, kì í ṣe lórí ìró tàbí bùbá, bí apá bá sì tóbi, ẹ lo aṣọ tó tóbi, nítorí èyí tó bá kéré yóò mú kí nọ́ńbà ga ju bó ti yẹ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. 140 lórí 90 sókè kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Bó bá jẹ́ 180 lórí 120 sókè, tí àyà sì ń dun ẹni náà, tàbí tí kò rí mí dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan sì kú, ẹ má wulẹ̀ tẹ nọ́ńbà dókítà orí fóònù rárá. Ọkọ̀ ni kí ẹ pè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ àti ọmọ tí gìrì mú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti mọ ọsibítù tó súnmọ́ ọn jù àti nọ́ńbà awakọ̀ tí kì í pa fóònù lóru, kó sì kọ méjèèjì sára ògiri.

Òfin ńkọ́? Dókítà tí ẹ bá fẹ́ bá ṣe gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tó ṣì wúlò lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì lọ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ojú kì í ti oníṣòwò láti béèrè rìsíìtì, kò sì yẹ kó tì yín níbí. Ṣọ́ọ̀bù oògùn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Pharmacy Council of Nigeria, ẹni tó bá sì jẹ́ pé oògùn tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà nìkan ni wọ́n fún un láṣẹ láti tà, ohùn dókítà lórí fóònù kò sọ ọ́ di apòògùn. Bí oògùn tí dókítà kọ bá kọjá àṣẹ yín, ẹ darí aláìsàn sí apòògùn gidi. Láti ọdún 2023 pẹ̀lú ni òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí aráàlú, ìyẹn Nigeria Data Protection Act, ti wà, ọ̀rọ̀ àìsàn èèyàn sì wà lára ohun tí òfin náà ká mọ́ jù. Fóònù tí ẹ fi ń ya àwòrán egbò oníbàárà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ ń fi ṣeré nírọ̀lẹ́. Ìwé tí ẹ ń kọ nǹkan sí, kí ó wà nínú dúróọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ìyá kan bá gbọ́ ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́ pé ṣúgà wà lára òun, láti ṣọ́ọ̀bù yín, òun àti gbogbo ẹgbẹ́ náà kò ní padà wá.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má yá owó ra kọ̀ǹpútà. Kó wá dókítà kan tó gbà láti máa gbé ìpè rẹ̀ fún wákàtí méjì ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí iye tí dókítà yóò gbà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Kó wá yàrá kékeré tó ní ilẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níwájú àwọn tó ń ra Panadol. Kó ní síìmù ilé iṣẹ́ fóònù méjì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti bátìrì tí fóònù lè máa lò, nítorí iná tí a ṣì ń pè ní ti NEPA. Ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà fún aláìsàn kó tó jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ sì ya owó ìwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó oògùn, kí ẹ lè mọ èyí tó ń bọ́ èkejì.

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ, ohun tó ń ṣe aláìsàn, ohun tí ẹ wọ̀n, orúkọ dókítà tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, àti iye tó wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka iye àwọn tó padà wá fúnra wọn, nítorí nínú iyẹn ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí ẹ kò ní. Àwọn tí dókítà bá sì ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù, ẹ sàmì sí orúkọ wọn, kí ẹ pè wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láti mọ̀ bóyá wọ́n lọ.